Íntánẹ́ẹ̀tì àti Oorun Àwọn Ọ̀dọ́: Ìtàn Òfin Ọ̀gànjọ́ ní Ilẹ̀ Kòríà

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọmọ tí ó bá ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ọmọ tí ń ké lóru ni òwe yìí fi ṣe àpèjúwe. Ní ayé òde òní, ọmọ tí ó ti di ọ̀dọ́langba ni kì í sùn mọ́, kì í sì í ké rárá. Á dákẹ́ sábẹ́ aṣọ ìbora, iná fóònù á máa tàn sí i lójú, ìyá rẹ̀ á sì rò pé ó ti sùn. Ilẹ̀ á mọ́, ojú ọmọ á pọ́n, olùkọ́ á máa kọ́ ọ ní ìṣirò, òun á sì máa tòògbé.

Kò sí orílẹ̀-èdè tí ọ̀ràn yìí kò kàn, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀ kan tí ó fi òfin ìjọba kojú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá gbáko, tí ó sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa òfin náà rẹ́. Kòríà ti Gúúsù ni ilẹ̀ náà. Ìdí tí a fi fẹ́ tọpasẹ̀ ìtàn òfin yìí nínú àpilẹ̀kọ wa ni pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí a bá tẹ̀lé ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó rí i pé kì í ṣe eré orí kọ̀ǹpútà nìkan ni ó gba oorun lọ́wọ́ àwọn ọmọ Kòríà. Àwọn àgbà ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú òru wọn kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé gba ìyókù.

Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Gbilẹ̀ ní Kòríà

Ní ìparí ọdún 1997, ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Kòríà dẹnu kọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ní láti tọrọ ẹ̀yáwó lọ́wọ́ àjọ IMF. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá wó lulẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Nínú àwọn tí a dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni a ti rí àwọn tí wọ́n fi ìwọ̀nba owó tí a fún wọn gba yàrá, tí wọ́n to kọ̀ǹpútà sí i, tí wọ́n sì ń gba owó wákàtí lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá lò ó. “PC bang” ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀. “Bang” túmọ̀ sí yàrá ní èdè wọn. Tọ̀sán-tòru ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1998, Kim Dae-jung gun orí àga ààrẹ. Ìjọba rẹ̀ gbàgbọ́ pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà tí ilẹ̀ náà yóò gbà jáde kúrò nínú ìṣòro, wọ́n sì gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 1999 tí wọ́n pè ní Cyber Korea 21. Láti ọdún 1998 ni íntánẹ́ẹ̀tì ayára-bí-àṣá ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ilé àwọn ará ìlú. Ilé gíga alájà púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ní àwọn ìlú ńlá wọn, nítorí náà kò ṣòro láti fa okùn kan dé ọ̀dọ̀ ìdílé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Oṣù kẹta ọdún 1998 yìí kan náà ni iléeṣẹ́ Blizzard ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé eré ogun kan jáde tí a ń pè ní StarCraft. Eré náà bá àwọn yàrá kọ̀ǹpútà mu bí ìdérí ti í bá ìkòkò mu. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 2001, iye àwọn yàrá náà ti lé ní 20,000. Ní ọdún 2000, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan bẹ̀rẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa fi eré orí kọ̀ǹpútà han ará ìlú lọ. Bí ọ̀ta ayò ti í gbayì lábẹ́ igi ní ìta wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ eré yìí í ta gbayì ní Kòríà, wọ́n sì ń gba owó oṣù lórí rẹ̀. Kí olùkàwé fi èyí sọ́kàn: àwọn ọmọdé kọ́ ni wọ́n kọ́ ilé yìí. Ìjọba ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, àwọn bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn oníṣòwò ni wọ́n sì ń jèrè nínú rẹ̀.

Ìbẹ̀rù Àwọn Àgbà

Kì í ṣe Kòríà ni ọ̀rọ̀ nípa bárakú íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1996, Kimberly Young, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ka àbájáde ìwádìí rẹ̀ níwájú àpéjọ àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Toronto. Ó ní lílo íntánẹ́ẹ̀tì lè di bárakú fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí tẹ́tẹ́ ti ń di bárakú. Àwọn kan gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, àwọn mìíràn sì sọ pé àṣejù lásán kì í ṣe àrùn. Iyàn náà kò tí ì parí títí di òní.

Ní Kòríà, ohun tí ojú ará ìlú rí ni ó pa iyàn náà mọ́ wọn lẹ́nu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan dìgbò lulẹ̀ nínú yàrá kọ̀ǹpútà kan ní ìlú Daegu lẹ́yìn tí ó ti ta StarCraft fún nǹkan bí wákàtí 50. Ó sì kú. Ní ọdún 2007, ìjọba dá ibùdó kan sílẹ̀ tí a ti ń kó àwọn ọmọkùnrin jìnnà sí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń fi eré ìdárayá àti iṣẹ́ ọwọ́ tọ́jú wọn. Ní ọdún 2010, àwọn ọlọ́pàá mú tọkọtaya kan tí ebi pa ọmọ ọwọ́ wọn kú sílé nígbà tí wọ́n lọ ń ṣe eré ní yàrá kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà burú jù ni pé nínú eré ọ̀hún, ọmọ kan tí kì í ṣe ẹlẹ́ran ara ni wọ́n ń tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a tún àwọn ìròyìn yìí yẹ̀ wò. Àwọn tí ikú àti ìyà wọn ba ìlú lẹ́rù jù lọ kì í ṣe ọ̀dọ́langba. Àgbàlagbà ni ọkùnrin Daegu, àgbàlagbà sì ni tọkọtaya náà. Síbẹ̀, nígbà tí òfin dé, àwọn ọmọdé ni ó dè.

Òfin Ọ̀gànjọ́

Láti ọdún 2004 ni àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú kan ti ń sọ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí oorun, àti pé ìjọba ni ó yẹ kí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. Ẹni tí ó bá mọ bí àìsùn ti ń ba ìwà, ìlera àti ìrántí ọmọ jẹ́ kò lè fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Kòríà sì kọ́ ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ronú bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní ọdún 2003 ni ìjọba ilẹ̀ Thailand ti pàṣẹ pé kí a máa ti àwọn eré orí íntánẹ́ẹ̀tì láti agogo 10 alẹ́ títí di agogo 6 òwúrọ̀.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí àwọn aṣòfin Kòríà tó fi ohùn ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2011 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi ọwọ́ sí àtúnṣe òfin tí ń dáàbò bo àwọn ọ̀dọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún náà. Ohun tí ó wí kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí kò bá tí ì pé ọmọ ọdún 16 kò gbọdọ̀ rí eré orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe láti agogo 12 òru títí di agogo 6 òwúrọ̀. Òfin náà kò fi ìyà jẹ ọmọ tàbí òbí. Iléeṣẹ́ tí ó ni eré ni ó gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn. Èyí tí ó bá kọ̀, olórí rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 10 owó won wọn lọ.

Àwọn ènìyàn sọ òfin náà ní Òfin Cinderella, nítorí ọmọbìnrin inú àlọ́ àwọn òyìnbó tí ó gbọ́dọ̀ sá kúrò níbi àríyá kí agogo méjìlá òru tó lù. Orúkọ náà ròó gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá Cinderella sùn nígbà tí ó délé.

Ohun tí Ó Ti Ẹ̀yìn Òfin Náà Yọ

Ìtàkùn tí ó ní kí erin má wọ odò, tòun terin ni yóò jọ lọ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún olúkúlùkù ọmọ onílùú ni àwọn iléeṣẹ́ fi ń mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó fẹ́ ṣeré. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi kọ́ láti máa lo nọ́ńbà ìyá tàbí ti bàbá wọn. Òmíràn nínú àwọn òbí ni ó fún wọn ní nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ọmọ ọdún 15 kan tí ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú StarCraft wà lẹ́nu ìdíje nígbà tí òru gàn. Òfin fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú ìjà. Ó padà wọlé, ó ń bá ìdíje lọ, ó sì di mímọ̀ fún gbogbo ìlú pé orúkọ ẹlòmíràn ni ó gbà padà wọlé.

Èyí tí ó tún tóbi ju ìyẹn lọ ni pé òfin náà ti pẹ́ jù kí ó tó dé. Eré orí kọ̀ǹpútà ni àwọn aṣòfin ń lé, nígbà tí fóònù alágbéléwọ́ onítẹ́ẹ̀tì ti wọ àpò àwọn ọmọ. Ìparí ọdún 2009 ni iPhone wọ Kòríà, ọdún 2010 ni KakaoTalk tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ eré orí fóònù sílẹ̀ nínú òfin náà. Ọmọ tí a ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ bá ti ojú fèrèsé wọlé, fèrèsé náà sì wà lórí ìrọ̀rí rẹ̀.

Àwọn kan pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ilé ẹjọ́ tí ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀ náà dájọ́. Adájọ́ 7 nínú 9 ní òfin náà dúró, wọ́n ní ìlera ọmọdé ju òmìnira eré lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí tí wọ́n fi wákàtí oorun àwọn ọ̀dọ́ ṣáájú òfin wé ti ẹ̀yìn rẹ̀ rí i pé ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Òfin ti ilẹ̀kùn lóòótọ́, oorun kò wọlé.

Ní ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ náà dé góńgó. Ètò tuntun tí Microsoft ṣe fún ìwọlé sí eré Minecraft mú kí eré tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn káàkiri ayé di èyí tí ẹni tí kò tó ọdún 19 kò lè rà ní Kòríà, nítorí pé iléeṣẹ́ náà kò fẹ́ ṣe ìlẹ̀kùn ọ̀tọ̀ fún òfin ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ìlú fi ariwo ta. Ní oṣù kẹjọ ìjọba kéde pé àwọn yóò pa òfin náà rẹ́, ní oṣù kọkànlá àwọn aṣòfin fi ọwọ́ sí i, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Ètò kejì ni wọ́n fi sílẹ̀, èyí tí òbí tàbí ọ̀dọ́ tí kò tí ì pé ọdún 18 lè fi bẹ iléeṣẹ́ eré pé kí wọ́n ti òun ní wákàtí tí ó bá yàn.

Ohun kan yẹ ní àfiyèsí nínú ọjọ́ yìí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022 náà gan-an ni ìwé ìsọrí àrùn tuntun ti Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí ní ọdún 2019, tí ó sì ka bárakú eré orí ẹ̀rọ mọ́ àwọn àìsàn. Ọjọ́ tí ayé gbà pé àrùn náà wà ni Kòríà ju oògùn rẹ̀ nù. Ilẹ̀ Ṣáínà ní tirẹ̀ ti fi kún oògùn náà, nítorí pé láti ọdún 2021 ni wọ́n ti pàṣẹ pé ọmọ tí kò tó ọdún 18 kò gbọdọ̀ ṣeré orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ, láti agogo 8 sí agogo 9 alẹ́, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba.

Ta Ni Ó Gba Oorun Náà?

Kí ni ó fà á tí oorun kò fi wọlé? Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ará Kòríà ti ń sọ tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé: sadang-orak. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń sun wákàtí mẹ́rin yóò yege, èyí tí ó bá ń sun wákàtí márùn-ún yóò kùnà. Ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ni wọ́n ń tọ́ka sí. Oṣù kọkànlá ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ òfurufú kò gbọdọ̀ gbéra tàbí kí ó balẹ̀ ní àkókò tí àwọn ọmọ ń fetí sí ìbéèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí ìdánwò yìí, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí, ọmọ á tún kọrí sí ilé ẹ̀kọ́ àdáni tí wọ́n ń pè ní hagwon. Ìlú Seoul ní láti ṣe òfin pé kí hagwon má ṣe kọjá agogo 10 alẹ́. Àwọn kan pe òfin náà lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní ọdún 2009. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà. Ní agogo 10 ni òfin kan tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ní agogo 12 ni òfin kejì ti ilẹ̀kùn eré mọ́ ọn. Láàárín méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ rìn délé, kí ó jẹun, kí ó wẹ̀, kí ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà wo ni ó wá ku fún un láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín? Òru ni. Òru nìkan ni kò sí olùkọ́ níbẹ̀, tí kò sí òbí, tí kò sí ìdánwò. Íntánẹ́ẹ̀tì kò jalẹ̀kùn. Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

Ìmọ̀ nípa oorun ti fi hàn pé ara ọ̀dọ́ kò lè fara da irú ayé bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1976, Mary Carskadon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọdé jọ ní àsìkò ìsinmi ní Yunifásítì Stanford, wọ́n ń ṣọ́ bí wọ́n ti ń sùn láti ọdún dé ọdún. Wọ́n rò pé bí ọmọ bá ti ń dàgbà ni oorun tí ó nílò yóò máa dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀: wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ń sùn, ìbáà ṣe kékeré, ìbáà ṣe àgbà. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé bí ọmọ bá ń bàlágà, aago inú ara rẹ̀ a máa sún síwájú, oorun kì í tètè kùn ún lálẹ́, kì í sì í tètè dá lójú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ sì ṣàwárí àwọn ẹ̀yà kan nínú ojú tí iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún aago náà pé ilẹ̀ kò tí ì ṣú, tàbí pé ó ti ṣú. Iná fóònù a máa parọ́ fún wọn. Nítorí náà ọ̀ràn náà lójú méjì: ẹni tí oorun kò kùn a máa na ọwọ́ sí fóònù, fóònù a sì tún lé ìwọ̀nba oorun tí ń bọ̀ sẹ́yìn.

Ìpínlẹ̀ Gyeonggi, tí ó yí Seoul ká, gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni wọ́n sún àkókò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ sí agogo 9 òwúrọ̀. Àwọn òbí tí ń tètè lọ síbi iṣẹ́ kùn sí i. Ní ọdún 2022 ni wọ́n fi ìpinnu wákàtí náà lé ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ọgbọ́n méjèèjì hàn kedere. Òfin ọ̀gànjọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, ó sì ní kí ó sùn. Ètò Gyeonggi gba wákàtí kan lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó sì fi í fún ọmọ.

Ẹ̀kọ́ tí Ó Kàn Wá

Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní ilẹ̀ wa, ọdún 2001 ni fóònù GSM dé. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni kafé íntánẹ́ẹ̀tì gbòde ní Ìbàdàn, Èkó, Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ìlú mìíràn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gba owó kan ṣoṣo fún gbogbo òru, tí owó náà sì rọjú ju owó wákàtí ọ̀sán lọ. Kafé wọ̀nyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ṣùgbọ́n ìṣòwò náà kò pa rẹ́. Títí di òní, àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ wa ń ta dátà òru ní ẹ̀dínwó. Ta ni wọ́n rò pé yóò jí rà á ní agogo kan òru? Kì í ṣe bàbá arúgbó. Àwọn tí owó wọn kò tó ra ti ọ̀sán ni, àwọn ọmọ wa sì ni.

Àwa náà sì ní sadang-orak tiwa. Olùkàwé tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mọ ohun tí à ń pè ní TDB, èyíinì ni kíkàwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A ti gbọ́ nípa ẹni tí ó ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé e lọ, a sì ń yìn ín bí akọni. Ọmọ tí ó gbọ́ ìyìn yìí láti kékeré ti kọ́ pé oorun ni ọ̀lẹ ń sùn. Bí ó bá wá fi òru wo fóònù dípò ìwé, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ náà ni ó ń lò.

Nítorí náà, ìtàn Kòríà kò sọ pé kí a jókòó kí a máa wòran. Bárakú ń bẹ, ó sì ń ba ọmọ jẹ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Olùkọ́ tí ó bá rí ọmọ tí ń tòògbé, kí ó tó gba fóònù rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bèèrè agogo tí ó jí, iṣẹ́ ilé tí ó ṣe, ibi tí ó ti gba ẹ̀kọ́ alẹ́, àti wákàtí tí ó kù fún un láti ṣeré ní ọ̀sán. Òbí tí ó bá fẹ́ kí fóònù ọmọ sùn ní yàrá ìgbàlejò, kí ó gbé tirẹ̀ náà síbẹ̀. Àwọn alákòóso ẹ̀kọ́ ni ọ̀ràn aago ìwọlé kàn, àwọn oníṣòwò ni ti dátà òru kàn. Kò yẹ kí a di gbogbo ẹrù náà lé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lórí.

Ọdún mẹ́wàá ni Kòríà fi kọ́ pé a lè fi òfin ti ilẹ̀kùn eré, ṣùgbọ́n a kò lè fi òfin pe oorun wá. Ibi tí a bá pèsè sílẹ̀ fún oorun ni oorun ń wọ̀. Láti ọwọ́ àwọn àgbà ni òru ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ọwọ́ àwọn àgbà náà ni ó yẹ kí ó ti padà sọ́dọ̀ wọn.